Bàálù Tí Bàbá Wa Kùn

Tí ẹ bá gbọ́ pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń fi bàálù oníke ṣeré, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà rín in. Ogún ọdún ni mo fi rín ẹ̀gbọ́n mi ẹ̀rín, mi ò sì fi bò fún un. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹgbẹ́ yín ń pọn ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin ń lẹ ìyẹ́ mọ́ bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́." Kì í bá mi jà. Á kàn gbójú sókè, á wò mí lórí awò ojú rẹ̀, á ní, "Àbúrò, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, eruku ń wọlé." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀gá Pátákó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù jẹun: pátákó onígbàjámọ̀, ti ilé oògùn, ti iléèwé, ti ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Kì í fi rúlà fa ilà. Á dúró níwájú pátákó, á fi ojú wọ̀n ọ́n, á di èémí mú, lẹ́tà á sì jáde lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí dòní, tí mo bá ń lọ wọkọ̀, mo máa ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ. Mo máa ń kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí wọn ò sì bímọ, mo ní kó kó wá sọ́dọ̀ mi. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni mo ní. Èmi fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fọ aṣọ nílé ìwòsàn ìjọba, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo tò ó. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ẹrù sínú yàrá. Mo rò pé ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹrù rẹ̀ ò lè ju àpótí méjì lọ. Yéè! Páálí ló ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Páálí lórí páálí, gbogbo wọn ló ní àwòrán bàálù lára. Abẹ́ ibùsùn kún, orí kọ́bọ́ọ̀dù kún, a sì tún to mẹ́fà sẹ́yìn àga mi ní pálọ̀.

Mẹ́tàlélógójì ni mo kà. Méjìlá péré ló ti kọ́ nínú wọn. Ìyókù wà nínú páálí ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sì tún ń ra òmíràn kún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́ gbogbo èyí tán?" Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kọ́ wọn tán?" Mo ní kí ló wá dé tó ń rà á. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ìwọ, aṣọ mélòó lo ní? Ara mélòó lo ní?" 

Èyí tó kọ́kọ́ kọ́ láyé rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ mi. Ìdí ló fi jókòó, ó gbé imú sókè bí ajá tó gbóòórùn ẹran lókè àjà. Ó yẹ kó ti fi òjé díẹ̀ sínú imú rẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́ pa, kí iwájú lè wúwo, ó gbàgbé. Òun ni mo máa ń nàka sí tí mo bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Á ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó ń sinmi ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjì máa ń wá bá a. Eléyín lọ̀kan, ọkùnrin tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí tiwọn ti ká. Ìkejì ni Tíṣà, obìnrin gbọọrọ kan tó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá ń ka nǹkan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òfin kan. Ẹni tó bá ra bàálù tuntun ò gbọdọ̀ dá a tú. Á gbé e wá bó ṣe wà, á gbé e sórí tábìlì, ẹlòmíràn ló máa fi abẹ la ọ̀rá ara rẹ̀. Eléyín á kọ́kọ́ ki imú bọ páálí, á fa òórùn ike tuntun sínú, á ní, "Háà!" Tíṣà á wá ka ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá pé, ẹ̀gbọ́n mi á fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí ìdí páálí, wọ́n á sì máa bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí ìyàwó ẹnì kan nínú wọn bí ọmọkùnrin. Èmi á gbé tíì wá fún wọn, màá sì máa mi orí.

Ṣùgbọ́n bàálù kan wà tí mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Bàálù bàbá wa ni.

Ọ̀dà ni bàbá wa ń kùn. Kì í ṣe ara ilé, ara bàálù ni. Ní pápá bàálù kékeré kan tí wọ́n ti sọ di ibi ìkẹ́rùsí báyìí, òun ló ń kọ lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà tí wọ́n fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn bàálù ilé-iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó kọ ti èyí tó kẹ́yìn tán, ó gbé ẹ̀gbọ́n mi lé èjìká kó lè rí i dáadáa. Bàálù funfun, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ilà búlúù kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àti lẹ́tà pupa márùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àkàbà yẹ̀ mọ́ bàbá wa lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Èmi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Bàbá wa ò ya fọ́tò kankan sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti gbó, ìyá wa tó mọ ojú rẹ̀ ti lọ, àwọn bàálù yẹn ti di irin tí wọ́n yọ́ ta. Ohun kan ṣoṣo tó kù láyé nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ bàbá wa ṣe, inú orí ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Èmi, mi ò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ní bàbá tó dàgbà sí lọ́wọ́ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà míì mo máa ń ní kó sọ ọ́ fún mi, á sọ nípa funfun yẹn, á sọ nípa ilà búlúù, á sọ bí bàbá ṣe máa ń fa ẹsẹ̀ lẹ́tà gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní kó kọ lẹ́tà márààrún sórí ìwé fún mi kí n rí i. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ìwé kọ́ ni bàbá kọ ọ́ sí."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wá páálí irú bàálù yẹn. Àwọn tó ń ṣe é ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ó máa ń sọ pé, "Àbúrò, màá kọ́ ọ, màá kùn ún bí bàbá ṣe kùn ún, màá kọ lẹ́tà ẹ̀ sí i, kí ìwọ náà lè fojú ara ẹ rí iṣẹ́ bàbá ẹ. Tí mi ò bá ṣe é, tí mo bá lọ, ó parí nìyẹn o." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Tíṣà ló bá a rí i. Obìnrin kan ní ìlú òkèèrè ni ọkọ rẹ̀ kú, ó wá ń ta àwọn bàálù tí ọkọ náà kó jọ. Páálí ọ̀hún dé lọ́jọ́ Sátidé kan, igun rẹ̀ kan ti tẹ̀, àwòrán ara rẹ̀ ti ṣá. Eléyín la ọ̀rá rẹ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, kò ní "Háà" rárá. Ẹ̀yà méjìdínlọ́gọ́fà. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ kọ ọjọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí páálí. Èmi tẹ́nu mi kì í sinmi, mo sá wọ ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ń wọ ṣòkòtò lọ́wọ́ ló ṣubú. Rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún ló mú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò nílé ìwòsàn, lórí ibùsùn tí èmi fúnra mi ti lọ aṣọ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, "Bàálù" ló kọ́kọ́ sọ. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń bi ọwọ́ yẹn bóyá á lè ṣe é. Dókítà ní orí rẹ̀ pé, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa fà díẹ̀, àmọ́ ọwọ́ òsì á gbọ́ ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní irú èyí máa ń padà wá. Ó ní tí nǹkan bá wà tí bàbá yìí fẹ́ ṣe, ká má fi àkókò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí mo ti sọ ọ́ fún ara mi lọ́nà tó dùn létí, kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀yà bàálù oníke kì í wá ní títú. Ara ẹ̀ka ike ló máa ń so mọ́, bí ọsàn ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka igi. Mo ti máa ń rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gé wọn kúrò lẹ́ka, mo ti máa ń rí i tó ń fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kó tó lẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìgbín ló ṣe máa ń ṣe é. Lónìí á gé mẹ́rin, lọ́la á gé mẹ́ta. Mo wá rò ó pé, nígbà tó lọ́wọ́ méjì, ó ń pẹ́ tó báyìí. Ní báyìí tó ku ọwọ́ kan, tó sì jẹ́ ti òsì, ìgbà wo ló máa gé méjìdínlọ́gọ́fà tán? Dókítà ní ká má fi àkókò ṣòfò. Mo ní kí n bá a dín iṣẹ́ kù.

Ọ̀sán ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ohun tí mo fi ń gé èékánná ẹsẹ̀ mi ni mo lò. Mo gé gbogbo rẹ̀ pátá. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́, mo ṣàn án, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnura kó gbẹ. Mo wá tò ó bí a ṣe máa ń to aṣọ níbi iṣẹ́: ńlá pẹ̀lú ńlá, kékeré pẹ̀lú kékeré. Abọ́ mẹ́ta, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ẹ̀ka òfìfo yẹn, mo ṣẹ́ wọn wẹ́wẹ́ sínú àpò ìdọ̀tí, àwọn akólẹ̀ sì gbé e lọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo ń rò bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí tó bá délé.

Ó délé. Mo gbé abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀. Ó wo èkíní, ó wo èkejì, ó fi ọwọ́ òsì ro inú ẹ̀kẹta.

Ó ní, "Ẹ̀ka ńkọ́?"

Mo ní, "Mo ti dà á nù. Mo ti bá yín gé gbogbo ẹ̀ tán, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ti yá."

Ó pa ojú dé, ó pẹ́ kó tó là á. Ó ní, "O ṣeun, Àbúrò." Mo rò pé ìrìn àjò ló rẹ̀ ẹ́. Mo lọ gbé oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni Eléyín wọlé, ó rí abọ́, ó sì fọwọ́ lérí. "Mo gbé! Àǹtí, kí lẹ ṣe yìí? Ara ẹ̀ka ni nọ́ńbà wà!" Òun ló wá ṣàlàyé fún mi. Ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń to bàálù kì í pe nǹkan lórúkọ. Kò ní sọ pé mú ìyẹ́, mú táyà. Á ní mú mẹ́tàdínlógún, lẹ̀ ẹ́ mọ́ méjìlélógójì. Nọ́ńbà yẹn ò sì sí lára ẹ̀yà fúnra rẹ̀, ara ẹ̀ka ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀yà so mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi í gé èyí tí kò tíì fẹ́ lẹ̀. Páálí àtijọ́ sì ni, àwòrán inú ìwé rẹ̀ kéré, ó tún ti ṣá.

Inú bí mi. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo jẹ̀bi ni inú bí. Mo jágbe mọ́ Eléyín. Mo ní òpònú wo ló ń kọ nọ́ńbà sára ohun tí wọ́n máa jù nù? Mo ní níbi tí èmi ti ṣiṣẹ́, ara aṣọ la ti ń kọ nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ara okùn tí a fi sá a! Mo ní ṣé èmi ni mo kọ́ àwọn oníbàálù yẹn ní wèrè ni, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jàre! Tíṣà ò wo èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò. Èmi náà yíjú wò ó. Ó gbé ẹ̀yà kan tí kò ju èékánná lọ sókè sí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì yí i, ó ń wá ibi tó ti wá. Mo wọ yàrá, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀. Tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ la tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí. Tíṣà kọ̀wé sí ènìyàn mẹ́tàlá bóyá ẹnì kan á ní irú páálí yẹn lọ́wọ́; kò sẹ́ni tó ní. Nígbà tó tún ẹ̀yà kà, mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ló bá. Ọ̀kan ti bá omi ọṣẹ lọ nígbà tí mò ń ṣàn án. Táyà kékeré abẹ́ ìrù ni, Eléyín sì fi ohun tó fi ń ṣe èrìgì eyín rọ òmíràn dípò rẹ̀. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni táyà ọ̀hún kó tó kùn ún ní dúdú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó ní bàálù yìí á lè jẹ egungun.

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bàálù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo jókòó tì í lójoojúmọ́, láti ìgbà tí mo bá ti gbálẹ̀ tán títí oòrùn á fi wọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka wá ihò kékeré àti ọ̀ṣọnṣọ tó máa wọ inú rẹ̀. Mo kọ́ pé òsì àti ọ̀tún jọ ara wọn títí wọ́n á fi rẹ́ ẹ jẹ. Ìyẹ́ gan-an, ẹ̀yà mẹ́rin ni, òkè méjì, ìsàlẹ̀ méjì, èmi ni mo sọ pé mo ti mọ ti ọ̀tún. A lẹ̀ ẹ́. Ó gbẹ. Ti òsì ló jẹ́. Ọjọ́ márùn-ún la fi já a kúrò díẹ̀díẹ̀ kó má bàa fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ó ní, "Àwọn méjèèjì jọra." Mo sọ fún un pé kó bú mi jàre, ọkàn mi á fúyẹ́. Ó ní ẹnu òun ò tíì yá tó èébú.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, òun ń kọ́ ọwọ́ òsì. Láàárọ̀, màá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àpótí, màá da ọ̀dà dúdú sínú ìdérí ìgò, á máa fa ilà, á máa fa òbìrí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dà bí ibi tí adìyẹ rìn sí. Tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, ilà rẹ̀ ti ń tọ́. Tíṣà bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ó ṣì rántí lẹ́tà bàbá. Ó fi ìka kan orí, ó ní, "Márààrún," ojú rẹ̀ sì tàn.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ká kọ ọ́ síbì kan." Ojú tì mí. Mo ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ da nǹkan rú, òun náà ló tún máa wá máa kán oní-nǹkan lójú? Á dà bíi pé mò ń retí ikú rẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọn ò pè mí sí, mo gbé ẹnu mi dákẹ́, mo ń wá fèrèsé kẹjọ bàálù náà láàárín àwọn ẹ̀yà.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, bàálù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Eléyín kùn ún ní funfun, Tíṣà fa ilà búlúù sí i, ọwọ́ rẹ̀ le bí irin. Lẹ́tà ló kù. A gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó gbẹ, a ní tó bá di Sátidé, Ọ̀gá Pátákó á kọ ọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé omi gbígbóná lọ bá a, mo bá a létí ibùsùn tó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó ti mọ̀ mí. Dókítà ní àìsàn náà ti padà wá, ṣùgbọ́n kékeré ni, kò sídìí láti dá a dúró sílé ìwòsàn. Ká tó sùn, ó ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń jẹun, ó bi mí nípa Eléyín, ó dárúkọ ìyàwó tirẹ̀ tó ti kú. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Sátidé pé. A gbé àga rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà di bàálù mú fún un, Eléyín di ìgò ọ̀dà pupa mú, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó di èémí mú bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọ K. Ó gbà á ní ìdajì wákàtí, kò sì gbọ̀n. Ó sinmi, ó mu omi, ó kọ L. Ó tún sinmi. Ó kọ B. Mo rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo ọwọ́ bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò lè ṣàlàyé ayọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó gbé e súnmọ́ bàálù, ó dúró. Ọ̀dà ń gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún gbé e súnmọ́ ọn, ó tún dúró. Èémí tó dì mú, ó jáde. Ó yíjú sẹ́yìn. Kò wo Tíṣà, kò wo Eléyín. Èmi ló wò, torí èmi àti òun la jọ ní bàbá yẹn.

Ó ní, "Àbúrò, kí ló kàn?"

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbé mi lé èjìká. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Èmi?"

Ó tún kọjú sí bàálù, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì náà, ó fọ̀ ọ́ dáadáa bí oníṣẹ́, ó nù ún, ó fi lélẹ̀. Ó ní kí n gbé òun lọ sùn. A dúró fún Sátidé kejì bóyá á padà wá sí i lórí. Ọjọ́ méjìlá péré ló lò lẹ́yìn lẹ́tà B. Ojú oorun ọ̀sán ló gbà lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí àyà.

Lẹ́yìn tí a sin ín, Tíṣà wá ìwé àtijọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù yẹn kàn níbì kan. Bàálù mẹ́ta ni lẹ́tà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K, L, B. Ìwé ò sọ èyí tí wọ́n kùn kẹ́yìn. Eléyín ní ká mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká kọ ọ́ sí i, ta ló máa mọ̀? Ọkùnrin náà ò ní ibi lọ́kàn, ó fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn kíákíá. Mo ní mi ò lè gbé irọ́ sórí pẹpẹ, kí n máa jí wò ó láràárọ̀, kí n máa pè é ní bàbá mi. Mo ní kó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, mẹ́ta náà ni mo rí.

Àwọn tó bá wá kí mi máa ń rí i, wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o, ikú ò jẹ́ kó parí ẹ̀." Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí n sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni lẹ́tà márààrún fi wà nínú orí ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó nínú pálọ̀ mi, tó ń dúró kí n bá a wá ìyẹ́ ọ̀tún.